Ọ̀dà Pupa Lára Ògiri Àwọn Ará Erékùṣù

Dar es Salam, Niamey.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Aláásárì.

Rúkáyátù Àṣàbí, ọmọ tí mo kọ́kọ́ gbé pọ̀n,

Kí ìwé yìí bá ọ níbi tí o ti lè jókòó kà á. Má kà á lórí ìdúró, ó gùn. Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan bá le fún ọ nínú rẹ̀, kà á sókè. Etí rẹ á mọ ohun tí ojú rẹ ò mọ̀, nítorí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.

Láti àná tí o ti pè mí, mi ò rí nǹkan mìíràn rò. O sọ̀rọ̀, o sunkún, fóònù gé, o tún pè, o tún sunkún. Ohun tí mo rí ṣà jọ nínú rẹ̀ nìyí, kí o wò ó bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. O kọ́ àwọn ọmọ iléèwé rẹ pé Odò Ọya ti yí ìwà padà, pé òjò tó ń bọ̀ yìí lè gbé omi dé àárín ilé wọn. Kí ẹ̀kọ́ náà lè wọ̀ wọ́n lára, o fi owó oṣù rẹ ra ọ̀dà pupa. Ìwọ àti àwọn ọmọ wá lọ káàkiri erékùṣù, ẹ fa ìlà sára ògiri ilé kọ̀ọ̀kan níbi tí omi lè dé, ẹ sì fa á sára àká ìrẹsì pẹ̀lú. Láti ọjọ́ kejì ni àwọn òbí ti dá ọmọ wọn dúró sílé. Ọmọ mẹ́sàn-án ló kù nínú kíláàsì oníkoríko yẹn. Bàbá Jíbò tí wọ́n jẹ́ àgbà erékùṣù sọ fún ọ pé, "Madáàmù, omi yìí ni mo ti ń mu kí ìyá rẹ tó mọ ọkọ." Ọ̀gá tó ń bójú tó iléèwé agbègbè yẹn sì ti fi ìwé kan ránṣẹ́ sí ọ: bí o bá fọwọ́ sí i, tí o sì mú un wọ ọkọ̀ ojú omi ọjọ́ Jimọ̀, wọ́n á gbé ọ padà wá sí Niamey.

O ní kí n sọ ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ pé èmi ni ìwọ. Mo ní kí o jẹ́ kí n rò ó. Mo ti rò ó, mo sì ti bèèrè.

Ẹni tí mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni mi ò lè dárúkọ fún ọ lórí fóònù, nítorí wọ́n jókòó tì mí. Ọkọ mi ni. Wò ó, bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, ojú tì mí, mo fi ọwọ́ bo bébà náà bí ẹni pé ẹnìkan ń yọjú. Oṣù mẹ́ta géérégé nìyí tí wọ́n ti so yìgì wa, mi ò sì tíì mọ bí mo ṣe lè pe Bàbá Sùmáná ní ọkọ mi létí ọmọ mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pọn ọmọ-ọmọ, èmi ń kọ́ bí ọkùnrin kan ṣe fẹ́ràn tíì rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi o. Jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n sì kọjá.

O mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kàn, o sì mọ̀ pé erékùṣù kan lápá òkè odò ni wọ́n bí wọn sí. Haúsá la jọ ń sọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba Zarma, èdè àwọn ará odò, tí mo gbọ́. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi ògiri, wọ́n ní:

"Àwọ̀ wo ló fi fa ìlà náà?"

"Pupa ni."

Wọ́n gbé ife tíì kalẹ̀. "Pupa, Salámátù?"

"Pupa."

"Lára ògiri ilé onílé?"

"Lára ògiri ni, àti lára àká."

Wọ́n ní, "Ọmọ rẹ yìí, ṣé inú Niamey yìí náà lo bí i sí?"

Nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Àṣàbí, kí ni ọ̀dà pupa lára ògiri nínú ìlú yìí? Bí wọ́n bá fẹ́ la títì, tí wọ́n ń bọ̀ wá wó ilé, ọ̀dà pupa ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi sàmì sí i. O ti kọjá lára irú ògiri bẹ́ẹ̀ ní ìgbà tí kò níye nígbà tí ò ń lọ síléèwé, títí ojú rẹ kò fi rí i mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará erékùṣù tó ń gbé ẹja àti ìrẹsì wá tà níbí rí i, wọ́n sì rí ohun tó ń tẹ̀lé e. Lójú tiwọn, ìjọba ló rán tíṣà kékeré kan wá, ó fi ẹ̀kọ́ bojú, ó sì ń sàmì sí ilé tí wọ́n máa wó. Ìwọ rò pé wọ́n kọ ẹ̀kọ́ rẹ. Wọ́n ń gbèjà ilé wọn ni.

Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ̀wé. Mi ò lè fi ìwé tí mo kà gbà ọ́ nímọ̀ràn, ìwọ lo kàwé. Àṣìṣe mi ni mo ní láti fún ọ.

Èkíní jẹ́ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mi ò sọ ọ́ fún bàbá rẹ títí Ọlọ́run fi pè wọ́n.

O ò lè rántí ilé tí a gbé létí odò, lódìkejì afárá. Ọmọ ọdún méjì ni ọ́. Àdúgbò Zongo ni bàbá rẹ ti ń ta páàtì ọ̀kadà, ṣùgbọ́n yàrá níbẹ̀ wọ́n ju agbára wa lọ, a sì lọ háyà ọ̀kan létí omi. Obìnrin márùn-ún la wà nínú agboolé náà, Zarma ni àwọn yòókù. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò níléèwé ní Ṣakí. Mo lè ka Yorùbá, mo lè kọ nọ́ńbà, mo lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ sára garawa kí omi oníkálukú má baà pòrúrù. Lójú àwọn obìnrin yẹn, ọ̀mọ̀wé ni mí. Madáàmù ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ìwọ náà báyìí. Orúkọ náà dùn létí mi ju oyin lọ.

Lọ́jọ́ kan ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì àdúgbò, ó lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà wa, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Fátì tó ń ṣe kúlíkúlí, tó sún mọ́ mi jù nínú wọn, pè mí jáde.

"Madáàmù, wá bá wa wò ó. Kí ni wọ́n wí?"

Mo dúró níwájú ìwé náà. Mo mọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn ò gbà láti sọ̀rọ̀ fún mi. Ìwé náà ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

"Ṣé ó le ni?" Fátì bi mí.

"Kò le. Abẹ́rẹ́ ọmọdé ni. Wọ́n ń bọ̀ wá gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́."

Ibo ni mo ti rí abẹ́rẹ́? Mi ò mọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ dé ẹnu mi ni. Àwọn obìnrin wẹ ọmọ wọn, wọ́n di irun wọn. Fátì fọ aṣọ Iléyá ọmọ rẹ̀, ó ní dókítà ò gbọdọ̀ bá a nínú àkísà. Ọjọ́ kẹta, dípò dókítà, omi ló dé. Ọ̀sán gangan ni, oúnjẹ ò tíì jinná lórí iná. A gbé àwọn ọmọ sí èjìká, a sá lọ sókè. Ọlọ́run ṣàánú, kò sí ẹni tó kú. Àpò ẹ̀pà mẹ́jọ tí Fátì fi ọdún kan kó jọ wú nínú omi, ó hù, ó rà. Nígbà tí ọkùnrin alálùpùpù padà wá, ó ní, "A ṣáà lẹ ìwé fún yín pé kí ẹ kó kúrò." Kò sí ẹni tó bojú wò mí. Olúkúlùkù rò pé ìwé mìíràn ló ń sọ. Fátì padà sí abúlé wọn. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Madáàmù, ìwọ náà pàdánù." Títí di òní kò mọ̀.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kékeré kan, "mi ò mọ̀", ni ì bá gba ẹ̀pà Fátì là. Ọmọ alákàrà ìsọdá títì mọ Faransé dáadáa, ẹsẹ̀ ogún péré ló wà sí wa. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá ń pè ní Madáàmù ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí o fa ìlà sára ilé kọ̀ọ̀kan, ṣé o mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni omi máa dé? Àbí o fojú bù ú? Mi ò bá ọ jà, mo fẹ́ mọ̀ ni. Bí Bàbá Jíbò bá bi ọ́, sọ ohun tí o mọ̀, kí o sì fi ibi tí ó pin sí hàn wọ́n. Àgbà kì í bínú sí ọmọ tó bá jẹ́wọ́ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ.

Èkejì kò tíì pẹ́, oṣù tó kọjá ló ṣẹlẹ̀. Èmi ni àgbàlagbà tó ṣìwà hù nínú rẹ̀, nítorí náà rọra rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń bá wa gbé. Mi ò lè pe orúkọ wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, mo bá sọ wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì rí eyín wọn nígbà yẹn. Ìkòkò omi ńlá kan wà nínú ilé náà, ó dúró sí àárín ọ̀nà, láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn, bí ọlọ́pàá. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń fi orúnkún gbá a. Mo ní, ilé yìí ti wà láìsí obìnrin tí ojú rẹ̀ là. Mo gbé ìkòkò náà lọ sí igun ilé ìdáná, mo gbá ibi tó wà, mo ń retí kí wọ́n yìn mí.

Ọjọ́ márùn-ún ni Ẹ̀gbọ́n ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bàbá Sùmáná á bu omi mu, wọ́n á wo inú ife, wọ́n á gbé e kalẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà mo kúnlẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ìkòkò yẹn fi wà láàárín ọ̀nà?"

"O pẹ́ kí o tó bèèrè."

"Mo jẹ̀bi, mà."

Wọ́n fà mí lọ́wọ́, wọ́n mú mi dúró síbi tí ìkòkò wà tẹ́lẹ̀. "Kí ni ara rẹ gbọ́?"

Afẹ́fẹ́ ni. Ó ń ti ọ̀nà odò bọ̀, ó gba ilẹ̀kùn iwájú wọlé, ó gba ti ẹ̀yìn jáde, ó sì ń fẹ́ sára ìkòkò tọ̀sán tòru. Ìdí nìyẹn tí omi ilé náà fi máa ń tutù. Ìyá wọn ló gbé e síbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọkọ mi.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ìwọ náà, kí ló dé tí o fi gbé e?" Mo ní ẹnìkan máa kọsẹ̀ lọ́jọ́ kan, pàápàá ẹ̀yin tí ojú yín ti ń ṣú. Wọ́n lọ di ẹ̀gbẹ́ kan ìkòkò náà mú, wọ́n ní kí n wá gbá ẹ̀gbẹ́ kejì mú. A jọ gbé e padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, a wá sún un ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì péré. Ó ṣì wà lójú afẹ́fẹ́, kò sì dí ọ̀nà mọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo rí eyín wọn, méjì ti kúrò níwájú.

Ṣé o rí i? Kí a tó gbé nǹkan kúrò níbi tí a bá a, ká bèèrè ohun tó gbé e débẹ̀. Kí ló dé tí àwọn ará erékùṣù fi kọ́ àká sísàlẹ̀ létí omi? O pè é ní àìmọ̀kan lórí fóònù. Ṣé o bèèrè?

Èmi bèèrè lọ́wọ́ ọkọ mi. Wọ́n ní omi méjì ni odò yẹn ń ní lọ́dún kan. Mo ti gbé Niamey fún ọdún mẹ́rìnlélógún, mi ò mọ̀. Omi dúdú ń ti orílẹ̀-èdè tó jìnnà wá, ó máa ń dé nígbà ọyẹ́, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí àlejò tó ti ránṣẹ́ ṣáájú. Òun ni ìrẹsì ń bá ga. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń gé ìrẹsì náà, nítorí náà àká ní láti wà níbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, kí obìnrin má baà ru ẹrù gun òkè. Omi pupa ni ti ìgbà òjò. Inú àwọn odò kéékèèké àgbègbè wa ló ti ń bọ̀, ó ru amọ̀, ó ń sáré. Nígbà èwe wọn, omi pupa kì í ga, ọmọdé ló ń bá a ṣeré. Nísinsìnyí òun ló ń wó ilé.

Mo bi wọ́n pé, "Ṣé àwọn bàbá yín ò mọ̀ pé omi lè ṣe báyìí ni?"

Wọ́n ní, "Wọ́n mọ omi ìgbà tiwọn láti orí dé ẹsẹ̀. Wọn ò pàdé eléyìí ni."

Nítorí náà, Àṣàbí, òótọ́ ni Bàbá Jíbò ń sọ, òótọ́ ni ìwọ náà ń sọ. Wọ́n ń bá ọ sọ̀rọ̀ omi dúdú, ò ń bá wọn sọ̀rọ̀ omi pupa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, a kì í fi ọgbọ́n ẹnìkan dá ìlú. Iṣẹ́ iléèwé níbẹ̀, bí mo ṣe rò ó pẹ̀lú ọpọlọ kékeré mi, ni kí ó jẹ́ ibi tí àwọn ọgbọ́n méjèèjì á ti pàdé. Àbí kí ni wọ́n sọ fún yín níbi tí wọ́n ti kọ́ yín ní iṣẹ́ tíṣà?

Jẹ́ kí n bèèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kí n tó gbàgbé. O ní ayé ń gbóná, ìdí nìyẹn tí òjò ọ̀sẹ̀ kan fi ń rọ̀ lọ́sàn-án kan. Ooru tí mo mọ̀, ó ń gbẹ nǹkan ni. Báwo ló ṣe ń sọ òjò di púpọ̀? O ní ẹ̀fin ìlú òkèèrè wà nínú ohun tó fà á. Àwọn ará erékùṣù tí kò ní mọ́tò, tí kò ní iléeṣẹ́, kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn ni omi ń kọ́kọ́ kàn? Bí ọmọ kan bá bi ọ́ ní ìyẹn nínú kíláàsì, kí lo máa sọ? Má kọ ọ́ sórí fóònù, kọ ọ́ sínú ìwé kí n lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ń kọ́ Faransé kíkà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta, nínú kíláàsì àgbàlagbà tó wà nítòsí wa. Bàbá Sùmáná ló ń bá mi gbé síléètì dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ò ní wọlé, ojú ń ti àwọn. Mo ní ojú ń ti èmi náà, ẹ ṣáà jẹ́ ká lọ.

Èyí tó kàn yìí, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹta ni tàbí a ti kọjá ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí mo ṣe kúrò níléèwé ni.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ọ ni pé kò sówó. Irọ́ ni. Bàbá mi ń san án. Lọ́jọ́ kan tíṣà bi wá pé, "Omi odò wa tó ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbo ló ń lọ?" Mo nawọ́ sókè. Mo ní ó lọ kí ìyá rẹ̀. Bí ìyá àgbà mi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó pe ẹlòmíràn, ó sì gbàgbé láti sọ fún wa níbi tí omi náà ń lọ. Láti ọjọ́ yẹn wọ́n ń pè mí ní Ọmọ Ìyá Odò. Mo sá lọ sínú oko kájú, mo fara pamọ́ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, wọn ò nà mí. Wọ́n kàn ní, "Salámátù, ṣé o ò fẹ́ lọ mọ́ ni?" Mo ní mi ò fẹ́. Wọ́n ní, "Kò burú." Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé mo ti bọ́. Mi ò mọ̀ pé mo ti fọwọ́ sí ìwé tèmi.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Bí ọmọ kan bá mú ọ̀rọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ wá sí kíláàsì, má jẹ́ kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ní bàbá àgbà òun sọ pé omi kì í kọjá ìdí igi kan, bi í pé: igi wo, ọdún wo, ta ló rí i? Ìmọ̀ ló gbé wá fún ọ yẹn. Èkejì, ẹ̀rín kò tó ohun tó yẹ kó lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí o bá máa kúrò, kúrò nítorí pé ara rẹ ò gbà á, tàbí nítorí pé ibòmíràn ló nílò rẹ jù. Ọjọ́ wo ni wọ́n á sì rí tíṣà mìíràn tí yóò gbà láti sùn lórí erékùṣù? O ti sọ fún mi pé ọdún méjì ni iléèwé yẹn fi wà láìní ẹnìkankan kí o tó dé. Òjò ò jìnnà mọ́. Bí o bá lọ, irúgbìn ìrẹsì wọn á wà nísàlẹ̀ níbi tó wà, kò sì ní sí ẹni tí yóò tún dárúkọ omi pupa fún wọn.

Ohun tí màá ṣe nìyí, tó bá jẹ́ pé èmi ni ìwọ. Bàbá Sùmáná ló kọ́ mi ní ìdajì rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ní kùtùkùtù, lọ bá Bàbá Jíbò. Má mú ìwé dání. Mú obì tí mo fi rán ọ̀gá ọlọ́kọ̀ pẹ̀lú ìwé yìí dání, àti ṣúgà. Bọ́ bàtà rẹ. Sọ fún wọn pé ọmọ Niamey ni ọ́, pé o mọ ohun tí ọ̀dà pupa jẹ́ nílùú, pé o gbàgbé pé àwọn náà mọ̀ ọ́n. Sọ pé kò sí ẹni tó rán ọ láti wó ilé. Kí o wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o nu ìlà náà kúrò. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o nù ún o, kì í ṣe àwọn ọmọ. Mú kẹrosíìnì, mú àkísà, bẹ̀rẹ̀ láti ilé Bàbá Jíbò. Jẹ́ kí wọ́n rí Madáàmù lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ògiri. Ojú á tì ọ́. Jẹ́ kó tì ọ́, kì í pa ènìyàn, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Bí o bá nù ún tán, bẹ̀ wọ́n ní ohun kan ṣoṣo. Kí àgbà kọ̀ọ̀kan gbé òkúta kan síbi tí omi pupa dé ní ọdún tó ga jù lójú tirẹ̀. Kí ó sọ ọdún náà bó ṣe mọ̀ ọ́n: ọdún eéṣú, ọdún tí a bí lágbájá. Kí àwọn ọmọ tẹ̀lé àgbà wọn, kí wọ́n kọ orúkọ àti ọdún sílẹ̀. Má sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ fúnra wọn á tò ó, ti àtijọ́ dé ti àná. Bí òkúta bá ń gun òkè bọ̀ lọ́dọọdún, ojú wọn á rí i láìjẹ́ pé ìwọ lo sọ ọ́, àwọn àgbà á sì rí i pẹ̀lú, nítorí ọwọ́ wọn ló gbé e síbẹ̀. Bí kò bá gun òkè ńkọ́? Ìwọ lo máa kọ́ nǹkan nìyẹn. Èmi náà fẹ́ mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí o tó bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ irúgbìn. Má ní kí wọ́n wó àká. Bi wọ́n pé, ìrẹsì jíjẹ lè wà nísàlẹ̀, àmọ́ ti gbígbìn, ṣé a ò lè gbé e sókè díẹ̀ kí òjò tó dé? Ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì péré.

Mi ò ní sọ pé o kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé ọ̀gá. Ọwọ́ rẹ ni, èmi kọ́ ni mò ń sùn níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọn. Ọkọ̀ Ọjọ́rú ló ń gbé lẹ́tà yìí bọ̀, ti ọjọ́ Jimọ̀ sì ń padà wá síbí. Ọjọ́ méjì ni o ní. Bí ìwọ àti ẹrù rẹ bá wà nínú ọkọ̀ náà, màá pàdé rẹ létí omi, màá gba àpò lọ́wọ́ rẹ, mi ò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o mọ̀ pé yóò le fún mi. Bí o kò bá sí níbẹ̀, ya ewé kan nínú ìwé àwọn ọmọ, fi rán ọlọ́kọ̀ sí mi, kí o kọ ọ́ sí i fún mi: òkúta ti Bàbá Jíbò, ibo ni wọ́n gbé e sí?

Èmi ni,
Salámátù, ìyá rẹ.